Ẹ̀bẹ̀ sí Ẹ̀yin Gómìnà Ilẹ̀ Yorùbá Lórí Ọ̀rọ̀ Eyín Tó Ká

Sí Ẹ̀yin Ọlọ́lá Jùlọ, àwọn Gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì;
Nípasẹ̀ àwọn Kọmíṣánnà fún Ètò Ìlera àti àwọn olórí àjọ adójútòfò ìlera ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá,

  Àwa mẹ́kúnnù ìpínlẹ̀ yín mọ̀ pé ẹrù tó wà lórí yín kò fúyẹ́: ọ̀rọ̀ ààbò ń bẹ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ń bẹ níbẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbà sì ń bẹ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí lè kọ́kọ́ pa yín lẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ eyín ni.  Àmọ́ a bẹ̀ yín, ẹ fetí sí wa títí a ó fi dé ìdí ọ̀rọ̀.

Kí a tó béèrè ohunkóhun, ọpẹ́ ló yẹ wá. Kí òfin àpapọ̀ ti 2022 tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àwọn kan nínú yín, tàbí àwọn tó ṣáájú yín lórí àga, ti ń dá àjọ tiwọn sílẹ̀. Lónìí, kò sí ọ̀kankan nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí kò ní tirẹ̀. Aboyún ń jàǹfààní rẹ̀, ọmọdé ń jàǹfààní rẹ̀. Àgbàlagbà tí eyín ń dùn lè mú káàdì rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yọ eyín náà láìgba owó gọbọi lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé yìí kì í ṣe ìwé àwọn aláìmoore.

Ibi tí wọ́n ti yọ eyín náà tán gan-an ni ẹ̀bẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Káàdì tó sanwó yíyọ kì í sanwó dídá òmíràn padà. Nínú ìlànà àtijọ́ tí ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ (NHIS) lò, wọ́n kọ eyín gbígbìn, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí wọ́n ń dè mọ́ egungun àgbọ̀n, sí abẹ́ àwọn ohun tí adójútòfò kò ní fọwọ́ kàn rárá, wọ́n sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ fífi oògùn sọ eyín di funfun báláú. Ẹni tó ń fẹ́ kí eyín òun máa tàn nínú fọ́tò àti ẹni tí kò lè jẹ ẹran mọ́, ojú kan náà ni wọ́n fi wò wọ́n. A kò rò pé ẹni tó kọ ọ́ ní ìkà nínú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eyín tirẹ̀ pé lẹ́nu ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnìkan. Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Eyín òkè rẹ̀ ti ká tán, ti ìsàlẹ̀ ku mẹ́rin tí ń mì. Bí ó bá fẹ́ bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ á ti gbé etí ìborùn bo ẹnu kí ó tó la ẹnu rárá. Bí wọ́n bá béèrè iye tí kóńgò méjì jẹ́, tí ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ohun tí oníbàárà ń gbọ́ ni “mẹ́hà”, torí eyín òkè ló yẹ kó kan ètè ìsàlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó dún bó ṣe yẹ kó dún. Àwọn aláwàdà á ní, “Ṣé mẹ́ta lẹ wí, Màmá?” Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìborùn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní òde àríyá, ẹran inú abọ́ rẹ̀ ti di ti ọmọ-ọmọ; á ní ẹran ti sú òun. Ẹja ló ń jẹ, ìka méjì ló sì fi ń rún un kúnná kó tó fi sẹ́nu. Àgbàdo sísun, iṣu sísun, ẹ̀pà, gbogbo ìyẹn ti di ìtàn. Ohun tó kù ni ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, àti àmàlà tí ewédú lè gbé sọ̀kalẹ̀ láìjẹ.

Ìyá yìí kò dá nìkan wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ti 2022 pé, káàkiri ayé, nǹkan bí ẹni 23 nínú 100 àwọn tó ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún sókè ni kò ní eyín kankan lẹ́nu mọ́. Ẹni tí kò lè rún oúnjẹ a máa sá fún ẹran, fún èso àti ẹ̀fọ́, á wá fi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì àti ẹ̀kọ mímu rọ́pò. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún ní ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Dókítà tó ń sọ fún un pé kó dín oúnjẹ onítááṣì kù, kó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹran, ó ń rán ẹnu tí kò ní irin-iṣẹ́ níṣẹ́. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà ọ̀hún sì rèé, ẹ̀yin náà lẹ ń bá a san nínú rẹ̀ lórí káàdì.

Ọ̀rọ̀ arúgbó nìkan sì kọ́. Ọmọ tó ṣubú lórí ọ̀kadà ní ọ̀nà oko tàbí ọ̀nà ilé ìwé, eyín iwájú ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ọmọ náà á gboyè, á kọ̀wé wáṣẹ́ sí báńkì, á sì jókòó síwájú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò láìlè la ẹnu dáadáa. Ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ọ̀kadà ni ìjọba sábà ń fi ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nígbà ìpín ohun èlò fún àwọn ọ̀dọ́, a sì dúpẹ́. Eyín méjì ni ì bá ti ràn án lọ́wọ́ jù.

Àwọn kan tún wà tí tiwọn wúwo ju gbogbo ìyẹn lọ, àwọn tí kókó hù sí nínú egungun àgbọ̀n. Ameloblastoma ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ń fẹ egungun títí ojú á fi yí padà. Ó wà lára kókó àgbọ̀n tí àwọn dókítà wa ń rí jù, àwọn ọ̀dọ́ tó wà láàárín ogún ọdún sí ogójì ló sì ń bá fínra jù. Bí wọ́n bá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, tàbí ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà n'Ífẹ̀, àwọn oníṣẹ́ abẹ á gé apá egungun yẹn kúrò tòun ti gbogbo eyín tó dúró lórí rẹ̀. Ẹ̀mí yọ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ọ̀dọ́ náà á padà sílé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wọ̀ sí apá kan, ibẹ̀ ni ètò sì fi í sílẹ̀ sí. Eyín àtọwọ́dá tí a ń yọ lálẹ́ kì í rí ibi dúró sí níbẹ̀, torí egungun tí ì bá gbé e ti lọ. Ó di kí wọ́n mú egungun láti ìbàdí tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá tò ó, kí wọ́n sì gbin eyín sí i. Fún ẹni yìí, Ẹ̀yin Ọlọ́lá, eyín gbígbìn ni apá tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ abẹ tí ilé ìwòsàn ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fún wa láyè kí a ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, kí olùdámọ̀ràn kan má bàa sọ fún yín pé àlá òyìnbó ni. Ní 1952, Per-Ingvar Brånemark, dókítà ará Sweden, ń ṣèwádìí lórí egungun ehoro, ó wá rí i pé ohun èlò titanium tí òun fi há inú egungun náà kò ṣeé yọ mọ́. Egungun ti dàgbà mọ́ ọn. Ní 1965 ó gbin eyín fún Gösta Larsson, ọkùnrin kan tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù àgbọ̀n. Ó lò wọ́n fún nǹkan bí ogójì ọdún, títí tó fi kú ní 2006. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ṣì ń tọ̀ títí dòní: wọ́n á lu ihò tóóró sínú egungun àgbọ̀n, wọ́n á yí ìṣó titanium wọlé, ìṣó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 4, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 10. Wọ́n á dúró fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí egungun gbà á mọ́ra, kí wọ́n tó gbé eyín lé e, bí a ṣe ń ri òpó kí òrùlé tó gun orí rẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣeé fi falẹ̀ ni pé egungun tí eyín ti kúrò lórí rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń fà sẹ́yìn lọ́dọọdún, ọdún kìn-ín-ní ló sì ń sáré jù. Ti ìsàlẹ̀ ń tán tó ìlọ́po mẹ́rin ti òkè. Ìdí nìyẹn tí eyín àtọwọ́dá ìsàlẹ̀ fi ń fò káàkiri lẹ́nu àwọn àgbà wa, tí wọ́n fi ń bọ́ ọ sínú kọ́ọ̀bù omi lórí tábìlì ní gbogbo ọjọ́, tí wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ kìkì ìgbà tí àlejò bá dé. Wọ́n á bọ́ ọ padà kí wọ́n tó jẹun. Ẹ bi àwọn ìyá yín léèrè. Wọ́n á sọ fún yín.

Síbẹ̀, a kò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ gbin eyín méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́nu gbogbo ará ìlú. Ní 2002, àwọn onímọ̀ tó péjọ sí yunifásítì McGill ní Montreal, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, fẹnu kò pé ẹni tí kò ní eyín kankan mọ́ ní ìsàlẹ̀, ìṣó méjì tí yóò di eyín àtọwọ́dá rẹ̀ mú ló yẹ kí a kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Méjì péré. Eyín náà kò ní fò mọ́, ó ṣeé yọ fọ̀ lálẹ́, ó sì ṣeé fi jẹ ẹran.

Àmọ́ méjì yẹn náà ga ju orí wa lọ. Ìṣó kan ṣoṣo pẹ̀lú eyín orí rẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà ní ilé ìwòsàn aládàáni, nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí láti 2024 jẹ́ ₦70,000. Òkè òkun ni ohun èlò rẹ̀ ti ń wá, láti Switzerland, Kòríà, Jámánì àti Ísírẹ́lì. Ní oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba àpapọ̀ dá náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 kọjá ₦1,500 kí ó tó pé ọdún kan. Àwọn tó rí jájẹ ń lọ ṣe tiwọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Íńdíà àti ní Tọ́kì. A kò jowú wọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn olóyè wa bá wà lára wọn, a kí i kú oríire, a sì gbàdúrà kí ó fi eyín náà jẹun pẹ́. A kàn ń retí pé ẹni tó ti mọ adùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀ nígbà tí ìgbìmọ̀ bá jókòó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá burú sí ni ibi tí mẹ́kúnnù ń yà sí nígbà tí kò rí ọ̀nà mìíràn. Àwọn kan wà lẹ́bàá títì àti nínú ọjà tí wọn kò kọ́ iṣẹ́ yìí níbì kankan. Wọ́n á po ìyẹ̀fun aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kan pọ̀ mọ́ omi kan tí òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹran ìdí eyín àti eyín tó kù, eyín ike á jókòó sórí rẹ̀, wọ́n á gbowó. Iṣẹ́ kíá ni. Kò ṣeé yọ, abẹ́ rẹ̀ kò sì ṣeé fọ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹran ibẹ̀ á wú, tí á máa ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹnu á máa rùn, tí àwọn eyín tó dúró ṣánṣán tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ilé ìwòsàn ìjọba ni yóò padà gé e kúrò, tí yóò sì yọ àwọn tó ń mì mọ́ ọn. Lórí káàdì ni o. Ìjọba tó ní òun kò lówó eyín ti ń náwó eyín tipẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo Bràsíìlì, níbi tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ti bímọ tí wọ́n sì ti pọ̀ ní Bahia. Ilẹ̀ tó mọ òṣì bí a ṣe mọ̀ ọ́n ni. Ní 2004, ìjọba Ààrẹ Lula dá ètò kan sílẹ̀ lábẹ́ ètò ìlera ọ̀fẹ́ wọn, wọ́n pè é ní Brasil Sorridente. Wọ́n dá ibùdó ìtọ́jú eyín tó le sílẹ̀ káàkiri, ìjọba àpapọ̀ sì ń fowó ran àwọn ibi iṣẹ́ tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ìyẹn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni wọ́n tó fi eyín gbígbìn kún un, ní ìparí 2010. Ní 2023 tí Lula padà dé orí àga, ó fọwọ́ sí òfin tó sọ ìtọ́jú eyín di ara ètò ìlera orílẹ̀-èdè náà, kí ìjọba tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa rí i gbé sọnù. Bí wọ́n ṣe tò ó ló wù wá: èyí tó rọrùn kọ́kọ́, èyí tó le lẹ́yìn.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún náà kò ju ìyẹn lọ. Kí àjọ adójútòfò ìlera ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yọ ọ̀rọ̀ eyín tó ká kúrò lábẹ́ ọ̀ṣọ́. Kí eyín àtọwọ́dá tí a ń yọ wọ inú ohun tí káàdì ń sanwó fún. Kí ẹni tó ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún tí kò ní eyín ìsàlẹ̀ kankan mọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìṣó méjì, bí ara rẹ̀ bá gbà á. A mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà tí a kò kápá rẹ̀ àti sìgá a máa ba iṣẹ́ yìí jẹ́, àti pé ẹni tí kò bá ní máa fọ ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò pàdánù rẹ̀. Kí ẹni tí wọ́n gé àgbọ̀n rẹ̀ nítorí kókó tàbí jàǹbá ọkọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí iye tí àwọn dókítà bá sọ pé ó tó. Bí ó bá di dandan kí aláìsàn dá díẹ̀ nínú owó náà, a ò ní bú sẹ́kún. Ẹ ṣáà jẹ́ kó jẹ́ iye tí owó ìfẹ̀yìntì lè gbé.

Ní ti rírà ìṣó náà, ilẹ̀ wa ti fihàn pé a mọ ìṣọ̀kan. Oṣù Kìn-ín-ní 2020 ni wọ́n ṣí iléeṣẹ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn n'Ìbàdàn lórúkọ ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. DAWN, àjọ ìdàgbàsókè tí ẹ jọ ni, ń ṣiṣẹ́ ní Cocoa House n'Ìbàdàn. Bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń dá ra ìṣó ogún, ọgbọ̀n, iye tí olùtajà bá pè ni yóò san. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá fi orúkọ kan rà á lọ́pọ̀ yanturu, olùtajà ni yóò máa wá yín kiri. Ẹ sì jọ̀wọ́, kí irú tí ẹ ó rà má ju méjì lọ. Ohun èlò iléeṣẹ́ kan kì í sábà wọ ti òmíràn. Ìṣó tí dókítà Abẹ́òkúta gbìn lónìí, ó yẹ kí dókítà Adó-Èkìtì lè bá a tún un ṣe lọ́dún mẹ́wàá òní. Bí ẹ bá sì dé Abùjá, ẹ bá wa rán wọn létí àṣẹ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2024 láti mú owó orí kúrò lórí àwọn ohun èlò tí a fi ń pèsè oògùn àti nǹkan ìtọ́jú nílé níbí. Kí nǹkan eyín náà rí àyè wọ̀ níbẹ̀.

Owó nìkan kò sì lè gbin eyín. Àwọn dókítà eyín tí Ìdí-Àràbà, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ń kọ́ jáde, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wọn ti jápa. Àwọn tí a kì í tilẹ̀ rántí ni àwọn tó ń ṣe eyín náà gan-an, àwọn tó ń jókòó ti iná kékeré, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ tínrín gbẹ́ ìda títí eyín á fi bá ẹnu ẹni tó ni ín mu, tí wọ́n á tún mọ ẹni tó ní èjí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè dá èjí rẹ̀ padà fún un. Enugu ni ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ wọn wà. A bẹ̀ yín, ẹ rán àwọn ọmọ wa lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, lórí àdéhùn pé wọ́n á padà wá sin ìpínlẹ̀ wọn, kí ẹ sì kọ́ ibi iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dè wọ́n, tí iná oòrùn wà níbẹ̀.

A mọ ìdáhùn tí àwọn kan yóò sọ sí yín létí: pé ibà ń pa ọmọdé, pé aboyún ń kú, pé eyín lè ní sùúrù. Òótọ́ ni ibà ń pa ọmọdé. A kò ní kí ẹ mú kọ́bọ̀ kan kúrò níbẹ̀. Ní Abùjá, ní 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá 15 nínú 100 owó ìsúná ni ìlera yóò máa gbà. Láàárín ohun tí wọ́n ṣèlérí yẹn àti ohun tí ìlera ń rí gbà, àyè wà fún ibà, ó wà fún aboyún, ó sì wà fún eyín. Wọ́n á tún ní kí ẹ kọ́ àwọn ọmọdé láti máa fọ eyín dáadáa. Ó dára, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ wọn. Àmọ́ pákò àti búrọ́ọ̀ṣì kò wúlò fún eyín tí kò sí mọ́.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, bí ọdún bá ti ń lọ sópin ni ẹ sábà ń gbé àbá ìsúná lọ síwájú àwọn aṣòfin, ẹ sì máa ń pe àwa ará ìlú sí ìpàdé kí ó tó dé ibẹ̀. A ó wá. A ó mú àwọn ìyá àti bàbá wa dání, àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gé àgbọ̀n wọn, kì í ṣe láti dójú ti ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe kí ẹ lè bi wọ́n léèrè fúnra yín. Ohun tí a fẹ́ bá nínú ìwé ìsúná náà ni ìlà kan ṣoṣo lábẹ́ adójútòfò ìlera, tí wọ́n kọ “dídá eyín padà” sí, pẹ̀lú iye owó níwájú rẹ̀.



Àwa ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá,
Àwọn ará ìlú yín.